Orí Ẹja Tí Mo Fi Ra Ọ̀nà ní Abúlé Òkúta

Bí o bá ti gbé lẹ́bàá omi ní Bàrígà rí, wàá mọ̀ pé èéfín ẹja kì í ṣe ohun tí ọṣẹ ń ṣí kúrò lára. Inú irun ló máa ń lọ sá sí, lẹ́yìn náà inú ìrọ̀rí, títí tí búrẹ́dì tí o ra lóde yóò fi máa ta sánsán ẹja kí o tó gé e. Ìyá mi ń yan ẹja nínú àgọ́ onípákó kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà, níbi tí àwọn èèyàn wa láti etí òkun Oǹdó ti tẹ̀dó sí kí wọ́n tó bí mi, abẹ́ èéfín yẹn náà ni mo sì padà sí nígbà tí mo kúrò nílé ọkọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ohun tí mo kó kúrò níbẹ̀ kò ju àpótí aṣọ kan, sítóòfù kan, àti ajá kékeré kan lọ: abo ajá, pupa rẹ́súrẹ́sú, tí etí rẹ̀ kan nà ró tí èkejì sì ká sílẹ̀ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ló máa ń dìde bí mo bá wọlé.

Ìwọ̀nba ni mo sọ ọ́. O mọ̀ bí àwa Yorùbá ṣe máa ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò wí. Obìnrin kan wà nínú ilé tí èmi àti ọkọ mi ń gbé, tí kì í yé tojú bọ ọ̀rọ̀ wa, bí mo bá ti rí i lẹ́nu ọ̀nà, màá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ajá mi kíkankíkan, "Ìwọ̀nba! Ìwọ̀nba o! Gbogbo nǹkan ní í ní ìwọ̀nba!" Obìnrin náà á ṣe bíi pé òun ò gbọ́, èmi náà á sì wọlé, inú mi á dùn bí ẹni tó ti jà, tó sì ti ṣẹ́gun. Bí mo ṣe máa ń jà nìyẹn nígbà náà. Ajá ni mo máa ń bá wí, kí èèyàn lè gbọ́.

Ṣùgbọ́n ajá àti ẹja kì í gbé àgọ́ kan. Ọjọ́ kẹta tí a dé ni Ìwọ̀nba gbé àrọ̀ ńlá kan lórí iná, ìyá mi sì pè mí jókòó. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà l'Ékòó, síbẹ̀ kò tíì pe ọmọ ní ọmọ rí. Ọma ni tirẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. "Ọma mi," ó ní, "mo fẹ́ràn rẹ, mo sì fẹ́ràn ajá rẹ. Àmọ́ mo fẹ́ràn ẹja mi ju ajá rẹ lọ." Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ajá mi á máa wà lọ́sàn-án. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Bajulaiye ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń ká bébà, tí mo ń tò ó, tí mo ń rán an di ìwé. Eku pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì, nítorí sítáàṣì tí a fi ń lẹ ẹ̀yìn ìwé dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo bẹ ọ̀gá mi pé kó jẹ́ kí n máa mú ajá wá, ó wo Ìwọ̀nba láti orí dé ìrù. "Tó bá lè pa eku, kó máa bọ̀," ó ní. "Àmọ́ tó bá tọ̀ sórí bébà oníbàárà pẹ́nrẹ́n, ìwọ àtòun lẹ jọ máa lọ." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, eku mẹ́rin ti rí ìjà rẹ̀, ajá mi sì di òṣìṣẹ́.

Ẹsẹ̀ la fi ń rìn láti etí omi dé Bajulaiye, nítorí kò sí oníkẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbé ajá. Àárọ̀ la máa ń gbéra, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń tò lọ, tí wọ́n sì ń fọ iwájú ṣọ́ọ̀bù. A á gba inú Abúlé Òkúta kọjá, òpópónà kan sì wà níbẹ̀, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tó gé ìrìn wa kúrú dáadáa. Ilé ńlá kan wà láàárín òpópónà náà, géètì dúdú, ìtàkùn orí ògiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan báyìí, géètì yẹn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ajá méjì sì jáde. Ọrùn wọn ki, orí wọn tóbi, ọ̀kan pọ́n, èkejì dúdú tí àyà rẹ̀ funfun. Wọn ò gbó. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n kàn ń bọ̀ ni.

Mo gbé Ìwọ̀nba mọ́yà, mo sá. Bàtà mi kan dúró lọ́hùn-ún, mo sì ń gbọ́ èékánná wọn lórí ọ̀dà lẹ́yìn mi. Fọkanáísà kan wà ní ìkángun òpópónà náà, ọ̀dọ́kùnrin tí eyín rẹ̀ dára, ó sì ń pariwo, "Àǹtí, ẹ má sáré! Ẹ má sáré o!" Ẹnu dùn ún sọ. Àárín àwọn táyà rẹ̀ ni mo ṣubú sí, èmi àti ajá mi. Ó fi irin tó fi ń yọ táyà gbá ilẹ̀, àwọn ajá náà dúró, wọ́n wò wá, wọ́n sì yíjú padà sílé wẹ́rẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ó lọ mú bàtà mi wá. Ó ní bàbá kan ló ni wọ́n, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìntì, tó máa ń ṣí géètì fún wọn láràárọ̀ kí wọ́n lè tọ̀ síta, kó tó wá dè wọ́n mọ́lẹ̀. Mo bi í léèrè pé kí ni kí n ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé Èkó kọ́ la wà ni, àǹtí? Ẹ wá nǹkan fún wọn. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì."

Ìwọ tó o gbọ́n á ní, kí ló dé tí n kò lọ bá bàbá náà? Mo rò ó. Mo tilẹ̀ dé iwájú géètì náà lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo wo ọkọ̀ tó wà nínú ọgbà, mo wo bàtà mi, mo gbóòórùn ara mi, mo sì rò ó pé màá wí tèmi, bàbá àgbà yẹn á wò mí lókè nílẹ̀, á fi Gẹ̀ẹ́sì lé mi dànù. Mo padà sílé. Ọ̀rọ̀ fọkanáísà wá dùn mọ́ mi létí. Tí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá dí ọ lọ́nà, ẹ̀gúnjẹ ni. Tí òṣìṣẹ́ kan bá ní fáìlì rẹ sọnù, ẹ̀gúnjẹ ni, fáìlì á sì jáde. Ta ló ní ajá ò lè gba ẹ̀gúnjẹ?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa orí ẹja nìyẹn. Ìyá mi máa ń ya àwọn orí tó bá ti fọ́ sọ́tọ̀, torí oníbàárà kì í rà wọ́n, èmi á sì kó mẹ́rin márùn-ún sínú ọ̀rá. Bí a bá ti dé òpópónà yẹn, màá ju ọ̀kan sí apá ọ̀tún, màá ju ọ̀kan sí apá òsì, àwọn ọ̀gbẹ́ni méjèèjì á tẹrí ba sídìí oúnjẹ, àwa á kọjá. Inú mi dùn dé ibi pé mo ń ròyìn rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi kàn mi orí. "Ìwọ ṣá máa bá a lọ," ó ní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, orí kọ̀ọ̀kan kò tó wọn mọ́. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á tún sáré tẹ̀ lé wa. Mo sọ ọ́ di méjì méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọn ò dúró níwájú ilé wọn mọ́, ìkángun òpópónà ni wọ́n ti ń pàdé wa, aláyà funfun yẹn á sì ti imú bọ inú báàgì mi fúnra rẹ̀. Òwe tí fọkanáísà pa fún mi, ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò ro ti ajá mọ́ ọn. Ojú ajá kì í tì.

Ìwọ̀nba mọ̀ jù mí lọ. Bó bá ti ku díẹ̀ kí a dé ibẹ̀, á dùbúlẹ̀, á fi àyà lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, àfi kí n gbé e. Ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkìkì lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó dùn mí o, n kò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún un pé, "Mú un mọ́ra, ó ku díẹ̀." Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń sọ fún ọkọ mi. Ọjọọjọ́ Sunday ló máa ń pè mí, á ní, "Ìgbà wo lo ń bọ̀?" èmi á sì ní, "Ẹ ní sùúrù, ó ku díẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló sì dá mi lójú láti ọjọ́ tí mo ti gbé àpótí mi pé n kò ní í padà. Kò nà mí rí, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ nìkan ni, ohùn tó máa ń mú àwo bọ́ lọ́wọ́ mi nínú ilé ìdáná, tí màá sì sáré lọ se ohun tó fẹ́ràn kó lè rọlẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ fún un pé ó ku díẹ̀, tí mo tún ń di ẹja yíyan ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kan wá dé tí ìyá mi lọ síbi ìsìnkú kan nílé, ní etí òkun. Kò sí iná nínú àgọ́, kò sí orí ẹja. Mo rò pé kò sí wàhálà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti mọra wa, wọ́n á gba tèmi rò. Rẹ́rìn-ín, mo fún ọ láyè. Mo di iṣẹ́ tí mo kó lọ ká nílé mọ́wọ́, ìwé ètò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì kan, tí mo fi páálí líle méjì há láàárín kó má bàa rún. Mo fi okùn fa Ìwọ̀nba, torí kò sí ọwọ́ tí mo máa fi gbé e.

Wọ́n pàdé wa ní àárín òpópónà, níbi tí ògiri gùn tí kò sí ẹnu ọ̀nà kankan. Aláyà funfun fi imú wá inú báàgì mi, ó wá a títí, ó yọ imú, ó wo ojú mi. Mo ní, "Kò sí lónìí." Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún èèyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nísàlẹ̀ ọ̀fun, ìkejì rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn wa, kí n sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbá Ìwọ̀nba létí mú, etí tó dúró yẹn. Igbe tí ajá mi ké kò tíì kúrò létí mi títí dòní.

N kò lè sọ fún ọ pé mo ronú. Ara mi ló mọ̀ pé tí mo bá sá, ó parí fún un. Mo ju ìwé sílẹ̀, mo fa páálí kan yọ, mo sì fi igun rẹ̀ ti ajá tó gbá a mú yẹn lójú, tipátipá, títí ó fi yanu. Mo fi ẹsẹ̀ rọ́ Ìwọ̀nba sẹ́yìn, mo fi ẹ̀yìn lé ògiri, ó wá wà láàárín gìgísẹ̀ mi àti ògiri. Mo gbé páálí síwájú bí ilẹ̀kùn. Eyín ń kàn án gbà, gbà. Ọ̀kan fa àtàǹpàkò mi ya. Mo ń sọ̀rọ̀, n kò pariwo, ohùn tó jáde lẹ́nu mi kì í tilẹ̀ ṣe èyí tí mo mọ̀: "Ó tó. Ẹ padà. Mo ní ó tó." Wọn ò padà, ṣùgbọ́n wọn ò sún mọ́ mi mọ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Gbogbo ìwé ètò ìsìn ti fò wọ inú gọ́tà.

Mo wá gbọ́ tí ẹ̀rọ atẹ́gùn fọkanáísà dún. Ó fa róbà rẹ̀ bọ̀ sáàárín títì, ó fà á títí ó fi le, kò sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dúró sí ìdí òpó iná, ó nawọ́ róbà náà sí mi. "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀! Ẹ má kọ̀yìn sí wọn!" Ìrìn yẹn kò ju ilé méjì lọ, ó sì jẹ́ ìrìn tó gùn jù tí mo rìn láyé mi. Mo ń fi ẹ̀yìn nu ògiri, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, Ìwọ̀nba ń rá lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, páálí níwájú, àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé wa. Ẹsẹ̀ wọn ni mo ń wò, n kò wo ojú wọn. Nígbà tí a dé ìdí òpó, fọkanáísà tú atẹ́gùn náà sílẹ̀, fíììì, eruku bo wọ́n lójú, àwọn akíkanjú fò sókè, wọ́n sì fi ìrù sáàárín ẹsẹ̀ sá wọlé.

Ó ra omi inú ọ̀rá, ó fún mi ní ọṣẹ, ó ní kí n fọ ọwọ́ mi kí n má yé fọ̀ ọ́, torí eyín ajá kì í ṣe ohun eré. Ó tún wo etí Ìwọ̀nba. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ má bínú, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ lọ bá bàbá." Ilé ni mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ajá mi ń kán sí mi lọ́wọ́, mo sì lọ kan géètì náà. Bàbá jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti pákò lẹ́nu, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn náà.

"Kí ló ṣe ọ́, ọmọ mi?"

"Àwọn ajá yín ni, sà."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ti orí ẹja pamọ́. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, kò sì sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Nígbà tí mo dé ibi ẹja, ó yọ pákò lẹ́nu. "Ìwọ ni!" ó ní. "Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí wọn ò jẹ oúnjẹ àárọ̀ mọ́. Bílẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, wọ́n á máa ha géètì, wọ́n á máa sunkún. Mo ti pe dókítà ẹran lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé inú ló ń run wọ́n ni, mo wá ń tètè ṣílẹ̀kùn fún wọn." N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Àwọn ajá náà wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ sójú oòrùn, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó lo ti ń gba ibí?" Mo ní ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tún un sọ, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bàbá àgbà yẹn, ó gbé orí Ìwọ̀nba sókè láti wo etí rẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ni mo ni ajá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o ò kanlẹ̀kùn?"

Kò fi ìbínú bi mí. Ó bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni. Ó wọṣọ, ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ajá rẹ̀ dání, ó fi ọkọ̀ gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà èèyàn, lẹ́yìn náà sọ́dọ̀ dókítà ajá. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n rán etí Ìwọ̀nba. Ọ̀gá mi ti fẹ́ pariwo lórí ìwé ètò ìsìn kó tó rí ọwọ́ mi. Ó lọ tan ẹ̀rọ, a sì tún un tẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá fúnra rẹ̀ ló ń fi ṣéènì fa àwọn ajá rẹ̀ jáde kí ọ̀nà tó kún, géètì rẹ̀ kò sì ṣí lásán mọ́. Kò gbà ju ọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, mo sì ti pa ìtàn yìí fún ẹ̀rín lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ yẹn, n kò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè bàbá ń bá mi jí, ó ń bá mi ká bébà. Mo ti máa ń rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí, ẹni tí kì í fẹ́ ìjà. Ní ìdí ògiri yẹn ni mo ti rí i pé ẹ̀rù ni mò ń pè ní jẹ́jẹ́, àti pé ajá mi ló ń fi etí san án. Àwọn ajá yẹn kò ṣe ju ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ wọn lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, ọkọ mi pè. "Ìgbà wo lo ń bọ̀?" Mo dìde dúró. Mo ní, "Mi ò bọ̀ mọ́. Mi ò ní padà wá." Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yìí?" Mo ní kò sí, èmi ni mo ń sọ ọ́. Mo ń retí ohùn tó máa ń já àwo yẹn, kò wá. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni mo gbọ́, ó rọ̀, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Mo ti kun ilé," ó ní. "Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí rẹ. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu àgọ́ ìyá mi, mo sì bẹ̀ ẹ́, tọkàntọkàn, nítorí oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi ń sọ fún un pé ó ku díẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́ nítorí lílọ tí mo lọ.